Àlùmọ́gàjí Rìsíkátù

Ọmọbìnrin tó ń yẹ àpò wò ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ti rí abẹ́rẹ́ mẹ́rin ní àyà bùbá mi kó tó dé ìdí àpò. Èmi fúnra mi ò rántí pé wọ́n wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, àyà bùbá ni mo ń gún abẹ́rẹ́ mọ́, bí káfíńtà ṣe ń fi pẹ́ńsùlù há etí. Ó rọra ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú abọ́ ike kan. Lẹ́yìn náà ló rí bíléèdì méjì nínú pọ́ọ̀sì mi, èyí tí mo fi ń tú ojú rírán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń lọ jagun ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wá tú aṣọ funfun tó wà nísàlẹ̀ àpò, tó rí ohun tí mo wé sínú rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àwa méjèèjì.

Àlùmọ́gàjí ni, èyí tó tóbi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, irú tí àwa aránṣọ fi ń gé aṣọ lórí tábìlì. Ọdún mẹ́fà ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì tíì gé fọ́nrán òwú kan rí. Èmi ni mo rà á, àmọ́ Rìsíkátù ló ni ín. Rìsíkátù, ọmọṣẹ́ mi, wà lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn ní Yola lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n fi àlùmọ́gàjí náà lé e lọ́wọ́. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń lọ ṣe.

Àwọn tí kì í ṣe aránṣọ máa ń bi mí pé kí ló wà nínú irin méjì tí wọ́n kàn pọ̀ mọ́ra tí àgbàlagbà fi ń ṣe báyẹn nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ tó bá mi wí.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú mi wá sí Kétu, ó fà mí lé Màmá Àdùkẹ́ lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà Ìkòsí. Obìnrin kékeré kan báyìí ni ọ̀gá mi yìí, ohùn rẹ̀ nìkan ló tóbi. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni mo gbá, àjákù òwú ni mo ṣà, èédú ni mo ń fẹ́ sínú áyọ́ọ̀nù. Ìgbà tó yá, ó ní kí n máa fi pépà sìmẹ́ńtì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá, bíléèdì ló sì fún mi. Mo wò ó pé àlùmọ́gàjí rẹ̀ á yá ju bíléèdì lọ. Mo yọ́ mú un lórí tábìlì, mo fi gé pépà. Ìró rẹ̀ ló gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ìgbátí tí mo gbà lọ́jọ́ náà, etí òsì mi ò tíì gbàgbé ẹ̀. Ó ní àlùmọ́gàjí tó bá ti gé pépà ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ní gbọ́ ti aṣọ mọ́. Aṣọ nìkan ni wọ́n ń fi í gé. Wọn kì í fi í gé okùn, wọn kì í fi í gé èékánná, wọn kì í sì í fi í yá aládùúgbò.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó fún mi ní fírídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ dá dúró. Oníkálukú ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tiwa, ọ̀gá ló ń ra àlùmọ́gàjí tuntun fún ọmọṣẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá láti ilé. Kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn gbé, kò gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá dé, òun àti ọmọṣẹ́ á jọ di àlùmọ́gàjí náà mú, wọ́n á jọ fi gé aṣọ funfun ọ̀pá kan, ọ̀gá á wá sọ pé, "Mo tú ọ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ á bọ́ ọ." Ó parí. Ẹni tí wọn ò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún, kò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bí Màmá Àdùkẹ́ ṣe gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀ nìyẹn, bí èmi náà ṣe gbà á nìyẹn, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀kan rí pé ó lè yàtọ̀.

Nígbà tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Kétu, tí irun mi ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, ni Ìyá Rìsí mú ọmọ rẹ̀ wá. Ata ni ìyá náà ń tà ní Mile 12, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun jókòó síbi tí oòrùn ò ti ní máa pa á. Ọmọ náà wọlé, ata ń rùn lára rẹ̀ débi pé oníbàárà mi kan sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rò ó nínú ara mi pé èyí ò ní pẹ́ sá lọ. Kò sá. Lẹ́yìn ọdún kan, bí ènìyàn bá ti ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé, Rìsí ti mọ ìwọ̀n èjìká rẹ̀ kí n tó fa téèpù yọ. Ọwọ́ ló fi ń ká etí aṣọ, kì í fẹ́ fi máṣíìnì ká a, bó bá sì ká a tán, o ò ní rí ojú abẹ́rẹ́ kankan lójú aṣọ. Mo máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sójú iná láti wá àléébù sí i. Èmi náà, bí mo ṣe rí nìyẹn, mi ò kì í yin ọmọṣẹ́ lójú ara rẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí mo gé léèsì oníbàárà kan tó ń gbé ní Gbàgádà. Inú ń bí mi sí nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà, mo gé apá méjèèjì sí ọwọ́ òsì. Aránṣọ tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́! Léèsì ọ̀hún kò kù mọ́, obìnrin náà sì ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó, mo gbá orí mú. Rìsí kó àwọn àjákù tó wà nílẹ̀, ó yí apá kan sódì, ó fi àjákù dí ibi tó kù, ó wá gé òdòdó kéékèèké lára léèsì náà, ó fi ọwọ́ rán wọn bo ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìgbà tí obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó yíra padà níwájú dígí, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lè ṣe irú ọnà bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun. Rìsí sì tẹ orí ba lẹ́yìn máṣíìnì, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra àlùmọ́gàjí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku ju oṣù mẹ́rin lọ kó pé ọdún mẹ́ta. Mi ò sọ fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ó fẹ́ Lùkmọ́ọ̀nù, ọmọ dáadáa kan tó ń tún kátakátá ṣe fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Wọ́n gbé e lọ sí Yola, kò sì sí bí ìyàwó á ṣe jókòó sí Kétu. Rìsí àti ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, oṣù mẹ́rin ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀." Mo dá a lóhùn pé ẹni tí kò parí, kò tíì parí. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí, àwọn ọmọṣẹ́ yòókù bẹ̀ mí. Mo sọ fún gbogbo wọn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ wa nìyẹn, àti pé bí mo bá gé oṣù mẹ́rin kúrò fún ẹnì kan, ẹlòmíràn á ní kí n gé ọdún kan. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé inú ń bí mi. Mo ti rò ó pé òun ni yóò jókòó sí ipò mi lọ́jọ́ iwájú, ó wá fẹ́ bá ọkọ lọ. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ibi tó kúnlẹ̀ sí, mo sì jẹ́ kó dìde lọ.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Kò gbàgbé mi. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ó máa ń pè mí nígbà Iléyá àti nígbà Kérésì, torí ó mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni mí. Àwọn ará Yola ń gbé aṣọ fún un, ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọn ò sì gbà kó kọ́ ọmọ kankan níṣẹ́, nítorí ẹni tí wọn ò tú sílẹ̀ kò lè tú ènìyàn sílẹ̀. Ó ń dá ránṣọ. Bó bá ti kí mi tán, á rọra béèrè, mà á sì dá a lóhùn pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kó wá parí oṣù mẹ́rin rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá pa fóònù, mà á mú àlùmọ́gàjí náà jáde, mà á fi epo máṣíìnì nù ún kó má baà dípẹtà. Ẹ ò rí mi bí? Mo ń tọ́jú nǹkan ọmọ, mi ò fún ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ìyá Rìsí wọlé wá bá mi, kò kí mi. Ẹni tó mọ obìnrin náà á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó ní kíndìnrín Rìsí méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbàdúrà. Ó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ náà, ọ̀nà ọjọ́ méjì. Ó dìde, ó tún jókòó. Ó wá ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tú òun sílẹ̀." Orí ni mo kàn ń mì bí alángbá. Lùkmọ́ọ̀nù ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún mi, ti Ọjọ́bọ̀, kí n lè tètè dé. Mi ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí.

Mo ra tẹ́tẹ́róònù funfun ọ̀pá kan, mo fi wé àlùmọ́gàjí náà, mo sì gbé e sínú àpò ìfàlọ́wọ́. Ọmọ mi obìnrin ní kí n fi í sínú àpótí. Mo ní rárá. Ọ̀gá ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ, wọn kì í jù ú sínú ikùn ọkọ̀ pẹ̀lú gaàrí àti ẹja gbígbẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti gbọ́ bí àpótí ṣe ń sọnù. Nígbà tí ọkùnrin tó ń gba ẹrù bi mí bóyá nǹkan mímú kan wà nínú àpò tí mo gbé lọ́wọ́, mo wò ó lójú, mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé yóò gbà á.

Báyìí ni mo ṣe dé iwájú ọmọbìnrin tó ń yẹ àpò wò. Kò bínú sí mi. Ó ní nǹkan yìí ò lè wọ inú ọkọ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣòfin rẹ̀, kò tilẹ̀ sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Mo ṣàlàyé fún un: ọmọṣẹ́, àìsàn, fírídọ̀ọ̀mù. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò wà lẹ́yìn mi tí wọ́n ń ráhùn. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Orúkọ mi rèé láyà mi yìí. Bẹ́ ẹ bá dé, màá gbé e fún yín." Mo ní mi ò lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ó bojú wẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn èrò Yola. Ó ní, "Wọ́n ti ń wọlé o. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń lọ wò yìí, ṣé sísọ́ọ̀sì ló ń retí ni, àbí ẹ̀yin?"

Mo dá a lóhùn pé, "Àwa méjèèjì ni."

Mo gba àpò mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sáré padà síbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Ọkùnrin tí mo purọ́ fún ti kó ìwé rẹ̀. Ó ní ẹrù Yola ti lọ sínú ọkọ̀, kò sí bí òun ṣe lè ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí, tí mo rántí ohun tí ọmọbìnrin yẹn bi mí. Mo sáré padà sọ́dọ̀ rẹ̀, gèlè mi ti tú, mo na àlùmọ́gàjí náà sí i pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, mo ní kó gbà á. Ó gbà á, ó di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì sì jọ sáré dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń gbà lọ sídìí ọkọ̀. Wọ́n ti tì í. A rí ọkọ̀ náà láti ojú fèrèsé, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò kánjú. Ọmọbìnrin náà dá àlùmọ́gàjí mi padà fún mi, kò sì lè wojú mi.

Ọkọ̀ Yola kì í lọ lójoojúmọ́ nígbà náà. Ọjọ́ Àìkú ni èyí tó kù. Mo jókòó sórí àga irin níta, mo rò ó bóyá kí n gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, kí n tó rí bọ́ọ̀sì, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni Lùkmọ́ọ̀nù ti pè mí. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ ti fi mí sílẹ̀. Ó wá ní kí n bá Rìsí sọ̀rọ̀, ó gbé fóònù sí i létí. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní, "Àǹtí." Ohùn rẹ̀ ti kéré. Mo ní, "Rìsí, mo ń bọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni mà á dé. Dúró dè mí."

Ẹ wò ó, àlùmọ́gàjí wà lórí itan mi. Ọmọ wà lẹ́nu fóònù. Gbólóhùn méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà, mo ti sọ ọ́ fún ọmọ mọ́kànlá kí ó tó di ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn. Kí n má purọ́, ó wá sí mi lọ́kàn, mo sì lé e lọ, torí wọn kì í sọ ọ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì wà lára àlùmọ́gàjí. Àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.

Rìsíkátù kú ní ọ̀sán Jímọ̀. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe.

Mo ṣì lọ ní ọjọ́ Àìkú. Àpótí ni mo fi àlùmọ́gàjí sí lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ń gba ẹrù, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ọmọbìnrin tó ń yẹ àpò wò wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo àyà bùbá mi, kò sí abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀. Ó wo ojú mi, kò sì béèrè. Ó kàn di ọwọ́ mi mú fún ìgbà díẹ̀, ó jẹ́ kí n kọjá.

Ní Yola, Ìyá Rìsí wà lórí ẹní pẹ̀lú àwọn obìnrin tó wá kí i. Wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. Ilẹ̀ náà ṣì rọ̀. Ìgbà tí a padà délé, ohun tó jáde lẹ́nu mi kò bójú mu, ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí, kò sí bí n kò ṣe ní béèrè. Mo ní kí ni wọ́n fi gé aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ìyá Rìsí ní bíléèdì ni. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, mi ò tíì sunkún títí dìgbà náà.

Òun ló wá sọ fún mi bí Ọjọ́bọ̀ ṣe rí. Láti òwúrọ̀ ni Rìsí ti ní kí wọ́n wẹ òun, kí wọ́n wọ aṣọ tí òun fúnra òun rán fún òun. Ó ní kí wọ́n fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ òun lọ́rùn, bí a ṣe máa ń fi kọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó, torí wọn kì í fi ìdùbúlẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù. Bí mọ́tò bá ti dún níta, á ní, "Àǹtí nìyẹn." Lẹ́yìn tí mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n tẹ́ òun padà. Ìyá rẹ̀ ní kó fara balẹ̀, kó sinmi, kó jẹ́ ti Ọlọ́run. Rìsí ní, "Àǹtí ní kí n dúró." Ìyá Rìsí sọ ọ́ fún mi láìbínú. "Ó dúró o, Àǹtí," ó ní. "Ó gbìyànjú." Mo mú àlùmọ́gàjí náà jáde, mo fẹ́ fi í lé e lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé e kúrò lójú òun.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ó padà sídìí ata rẹ̀. Mo ro ọ̀nà tí mà á gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Kétu dé Mile 12, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi nínú aṣọ funfun rẹ̀, mi ò gbé e sínú àpò. Ó jókòó láàárín àwọn àpò rodo, ó ń ṣa èyí tó ti rà kúrò lára èyí tó dára. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àwọn aláta ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ irọ́ tí mo pa fún ẹni tó ń gba ẹrù. Mo sọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn bi mí àti èsì tí mo fọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ lórí fóònù tí mi ò sọ. Mo sọ èyí tó le jù fún mi láti sọ, pé kì í ṣe àṣà ni mo ń dáàbò bò lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ìbínú mi ni. Mo wá ní, "Mo tú u sílẹ̀. Ẹ bá mi gbà á fún un."

Ó ń ṣa ata lọ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìdí ìró nu ọwọ́, ó gba àlùmọ́gàjí náà, ó tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ pọ̀, ó fi há igbáàyà. Ó yẹ irin náà wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, ata ló wà nílẹ̀ yìí. Kí ni mo fẹ́ fi gé?"

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ṣì wà tí àwọn alábàárù fi sọ àpò rodo tuntun kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó fọwọ́ wá ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀, kò rí i. Ó bá mú àlùmọ́gàjí, ó fi gé okùn ẹnu àpò náà. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Okùn ọ̀rá líle ni, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó gbé láti Òkè Ọya. Ohun àkọ́kọ́ tí àlùmọ́gàjí yẹn gé láyé nìyẹn. Ẹnu mi ti là láti pariwo, bí Màmá Àdùkẹ́ ṣe pariwo mọ́ mi. Mo pa á dé. Mo bá a di ẹnu àpò náà mú, kó lè gé e dáadáa.

Láti ìgbà náà, ọmọṣẹ́ tó bá ti mọṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mi ò dúró de oṣù, mi ò sì dúró de àlùmọ́gàjí. Ẹnu ni mo fi ń kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, ní ọjọ́ tí mo bá ti rí i pé ó tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù lè tẹ̀ lé e nígbà tó bá wù ú. Àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ mi ní mò ń ba ajé wọn jẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn mi. Èmi, onírọ̀rùn! Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wí.

Ìyá Rìsí kò tíì ra ọ̀bẹ mìíràn. Àlùmọ́gàjí ọmọ rẹ̀ ló fi ń ṣí gbogbo àpò rẹ̀, okùn àti iyẹ̀pẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí kò bá mú mọ́, á ránṣẹ́ sí mi. Mà á lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mà á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pọ́n irin ní Owódé Onírin, mà á dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi pọ́n ọn tán. Lẹ́yìn náà mà á fi ọwọ́ ara mi gbé e padà fún un.